Ọjọ́ Tí Jẹlé-jẹlé Gun Òkè Àrẹ

Jẹlé-jẹlé ti jẹ ilé mẹ́rin tán láàárọ̀ ọjọ́ náà kí Mọ́gàjí Àwẹ̀ró tó ráyè fi omi yọ ẹnu. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, nílé pẹ́tẹ́ẹ̀sì Akókòójọ, ló dúró sí tó ń wò ó bó ṣe ń gun Òkè Àrẹ bọ̀: ẹ̀rọ ràgàjì tó ga ju òpó iná lọ, tí kò ní awakọ̀, tí kò lójú, àfi ẹnu ṣáá. Ẹnu ló fi ń jẹ ilé, ìdí ló fi ń ya títì. Bíríkì àti páànù á wọlé níwájú, títì dúdú tó ń dán á jáde lẹ́yìn, kò sì sí eruku ẹyọ kan láàárín. Èyí tó bí Àwẹ̀ró nínú jù ni ohùn rẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti fún un ní ohùn ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

"Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ará ilé," ni ẹ̀rọ náà ń wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe ń ki eyín bọ ilé karùn-ún. "Ẹ kú ìfaradà. Ilé yìí ti di títì."

"Orí ẹ burú!" ni Àwẹ̀ró pariwo mọ́ ọn láti òkè. "Ó ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn, ó ń gé ènìyàn jẹ! Máa bọ̀, wàá bá mi níbí!"

Ọ̀rọ̀ ò kúkú wọ́n obìnrin yìí lẹ́nu rí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì yá ju ti ọmọ rẹ̀ lọ, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ mọ́gàjí ní agboolé Akókòójọ. Ọkùnrin mẹ́ta ló bá a du oyè náà. Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú sọ ìtàn ilé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kólòlò. Àwẹ̀ró sọ tirẹ̀ láì mí: ó ní Bàbá Akókòójọ, baba ńlá wọn, oníṣòwò kòkó, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì dá ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì yìí kọ́, láàárín ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni ò bá a gbé garawa omi kan. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́ fún un. Ọjọ́ yẹn ni ìlẹ̀kẹ̀ oyè kan ọrùn rẹ̀.

Ilé náà ti lé ní igba ọdún báyìí, òun nìkan ló sì kù lórí òkè tí ẹ̀rọ ò bá wọn kọ́. Tí òòrùn bá fi kan àtàrí, Jẹlé-jẹlé á ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló lè dá a dúró, èdìdì Awòlé.

"Mọ́gàjí! Ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀! Ògiri ti ń sọ̀rọ̀!"

Awòlé Àkànjí ló ń pè é, ọkùnrin ará Ẹdẹ kan bí ẹni ogójì ọdún, tí ìjọba rán wá láti aago méje àárọ̀ kó yẹ ilé náà wò bóyá ó yẹ kó dúró. Àwẹ̀ró sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ ní méjìméjì. Nígbà tó dé pálọ̀, ó dúró, ó ya ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ kékeré.

Awòlé ti gbé Etí-ògiri lé ara ògiri, àwo pẹrẹsẹ kan tí kò ju àtẹ ẹ̀gúsí lọ, tó ń kùn bí oyin. Lábẹ́ ọ̀dà àti sìmẹ́ńtì, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ń yọ, ó ń ya ọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rèé. Ìka márùn-ún rèé. Ọwọ́ ńlá, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ tí ìka kan ti gé níbẹ̀, láti ilẹ̀ títí dé ibi tí àjà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ògiri kún fún ọwọ́ àwọn tó ti kú tipẹ́, ó wá dà bí ẹni pé wọ́n dúró sẹ́yìn sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń tì í síta.

"Yéèpà!" Àwẹ̀ró fò sókè. Ó jó lọ, ó jó bọ̀. "Ẹ wo ọwọ́ Bàbá! Ẹ wo bó ṣe tó ṣọ́bìrì! Fọláwiyọ, dìde níbẹ̀, wá wo ọwọ́ ẹni tó bí ẹ!"

Fọláwiyọ, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà, kò dìde. Orí ẹrù tó ti dì láti àná ló jókòó sí. Ara rẹ̀ ti wà lọ́nà ilé tuntun tí ìjọba fẹ́ fún wọn.

"Òógùn wọn ló wà nínú amọ̀," ni Awòlé ń ṣàlàyé, ayọ̀ ń dùn lóhùn òun náà, nítorí kò tíì rí irú èyí rí láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣiṣẹ́. "Amọ̀ kì í gbàgbé òógùn. Mo máa fi wé ìwé ẹ̀jẹ̀ gbogbo ìlú, á sì sọ agboolé tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ti wá fún wa. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀."

Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà pé. Awòlé wo àwo ọwọ́ rẹ̀. Ó nù ún. Ó tún un wò. Ayọ̀ ojú rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi ń wolẹ̀?" ni Àwẹ̀ró bi í.

"Mọ́gàjí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Ẹni tó ní kí n jókòó ló fẹ́ kí n ṣubú. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Awòlé rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọwọ́ agboolé méje ló wà lára ògiri yìí. Ilé Aláró wà níbẹ̀. Ilé Ọlọ́dẹ wà níbẹ̀. Gbogbo àwọn ìsàlẹ̀ òkè ló pé síbẹ̀. Ti Ilé Alágbẹ̀dẹ ló pọ̀ jù, ọwọ́ tiwọn dé abẹ́ òrùlé."

"Alágbẹ̀dẹ?" Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbá a létí. "Àwọn Lámídì?"

"Àwọn náà ni."

"Tiwa ńkọ́?"

"Kò sí."

"Kò sí báwo? Tún un wò! Ó lè wà lókè àjà. Ó lè wà lẹ́yìn àpótí ìyá mi, ẹ jẹ́ ká sún un!"

"Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé yìí, Mọ́gàjí. Bàbá yín bẹ̀ wọ́n, wọ́n wá, wọ́n fẹsẹ̀ po amọ̀, wọ́n mọ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀, ó jọ pé ìdí ìwọ̀n kòkó ló wà."

Àwẹ̀ró jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà korò. Láti ayébáyé ni àwọn Alágbẹ̀dẹ ti ń wí pé àwọn bàbá àwọn ló po amọ̀ ilé Akókòójọ. Bàbá Àwẹ̀ró gbọ́, inú bí i, ó pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọ́n ba orúkọ ilé òun jẹ́. Ó jàre. Adájọ́ ní kí baálé Alágbẹ̀dẹ wá dọ̀bálẹ̀ ní gbangba, kó sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta rèé, àwọn ìdílé méjèèjì ò jọ jẹun pọ̀ mọ́.

"Àwo yìí ò ṣì í?" ni Àwẹ̀ró bi í, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Kò ṣì í. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí ná. Ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa sọ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló kọ́ ilé. Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni! Kí ni ǹ bá tún kọ? Ohun tí mo fi jẹ oyè náà ni mo kọ."

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ onílé lékè ọ̀rọ̀ Awòlé, àfi tí onílé bá fẹnu ara rẹ̀ yí i padà. Ilé tí ọwọ́ kan kọ́, Òfin Ọwọ́ ò dáàbò bò ó. Jẹlé-jẹlé á jẹ ẹ́, ìjọba á wá fún yín ní ilé àfẹ̀rọtẹ̀ ní Òkè Tuntun, ẹ̀ẹ́ sì máa jẹ́ mọ́gàjí yín lọ níbẹ̀, orúkọ yín á wà lára ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ilé tí ọwọ́ agboolé méje bá pàdé lára rẹ̀, ẹ̀rọ kan ò gbọdọ̀ fi eyín kàn án títí ayé. Títì á yà fún un. Àwọn tí ọwọ́ wọn wà níbẹ̀ ló sì ni ín."

"Èmi tí mo ń gbé inú rẹ̀ ńkọ́?"

Awòlé ò lè wò ó lójú. "Ẹ ò lọ́wọ́ níbẹ̀, Mọ́gàjí. Ilé á dúró. Kò ní jẹ́ tiyín mọ́."

Fọláwiyọ ti dìde wàyí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré wá. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn! Yàrá mẹ́sàn-án ni wọ́n fẹ́ fún wa. Ilé tó ń gbá ara rẹ̀! Ilé tó jẹ́ pé tí òjò bá ṣú, á ti fèrèsé fúnra rẹ̀! Ẹ jẹ́ kí Jẹlé-jẹlé ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Awòlé ò ní sọ, òfin ò gbà fún un. Àbí ẹ fẹ́ lọ bá Lámídì Alágbẹ̀dẹ ní òwúrọ̀ yìí, kí ẹ ní òótọ́ ni bàbá rẹ̀ sọ? Wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín dọjọ́ ikú."

"Pa ẹnu ẹ dé kí n ronú!"

Àwẹ̀ró bọ́ sí orí àtẹ̀gùn, ó lọ sókè, kò mọ ohun tó ń wá lọ. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ó rí Ìbàdàn bó ṣe tẹ́ lọ. Gbọ̀ngàn Mápó wà ní apá ọ̀tún pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀ gbàǹgbà-gbàǹgbà. Níbi tí òkun òrùlé páànù dídípẹtà wà nígbà èwe rẹ̀, oko onígíláàsì àti ilé àfẹ̀rọtẹ̀ ló kù, gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn jọra bí ẹyin adìẹ. Olú-ìlú ni, ó ní láti gbòòrò, gbogbo ènìyàn ló ń wí bẹ́ẹ̀. Jẹlé-jẹlé ti jẹ ilé karùn-ún tán. Ó kù ẹyọ méjì láàárín wọn.

Ó yíjú padà láti sọ̀ kalẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, níbi tó máa ń fara tì láti ìgbà tó ti ń kọ́ ìrìn, ọwọ́ kan ń tàn lára ògiri. Kì í ṣe ọwọ́ ńlá. Obìnrin ló ni ín, tàbí ọ̀dọ́mọdé, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọlé gan-an bí ẹni pé ibẹ̀ fẹ́ wó ó sì gbé e dúró. Èjìká Àwẹ̀ró ti mú ibẹ̀ dán láti bí ọgọ́ta ọdún.

"Ìwọ lò ń gbé mi dúró," ló wí fún ọwọ́ náà. "Ìwọ ni, n ò sì mọ orúkọ ẹ. Èmi yìí, mọ́gàjí! Kí n wá jókòó sí Òkè Tuntun, kí fèrèsé máa ti ara rẹ̀, nígbà tí wọ́n ti fi ìwọ ṣe títì?"

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Awòlé! Kí ni mo máa ṣe?"

Awòlé fò dìde. Ó ti ń retí ìbéèrè yìí, ojú rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ máa yí ọ̀rọ̀ yín padà níwájú ògiri, sókè ketekete. Ẹnì kan láti agboolé kọ̀ọ̀kan máa gbé ọwọ́ lé ọwọ́ bàbá rẹ̀, méjèèje, kí eyín ẹ̀rọ tó wọlé. Èmi á tẹ èdìdì."

"Mo fẹ́ pè wọ́n lórí aago."

"Kò bófin mu! Láti ọdún tí ẹ̀rọ ti mọ ohùn gbogbo ènìyàn sín jẹ, ohùn tó bá ti orí aago wá ò jẹ́ ẹ̀rí. Ẹsẹ̀ ara yín ni, ẹnu ara yín ni."

"Ẹ̀gbọ́n!" ni Fọláwiyọ ké. "Ẹ ro ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn yín o!"

Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ti dé ojú ọ̀nà. Ó ká ìró rẹ̀ dé orókún, ó sì bẹ́ lu ọ̀nà ìsàlẹ̀ òkè, ó gba ẹ̀gbẹ́ Jẹlé-jẹlé kọjá láìwò ó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń kí i, "Ẹ rọra o, ìyá." Àwọn tó rí i sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé àwọn rò pé iná ló ń jó.

Gbogbo òwúrọ̀ ni àwọn olórí agboolé méje ìsàlẹ̀ òkè máa ń pàdé lábẹ́ igi odán Ilé Alágbẹ̀dẹ láti ta ayò, ọkùnrin márùn-ún, obìnrin méjì. Bàbá Lámídì, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ló ń pa Ìyá Aláró láyò nígbà tí Àwẹ̀ró já lu àárín wọn, tó ń mí fúkẹ́fúkẹ́. Gbogbo ọwọ́ dúró lórí ọpọ́n. Láti ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ẹsẹ̀ Akókòójọ ò tẹ àgbàlá yìí rí.

Ó kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì, lórí iyanrìn, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ oyè lọ́rùn.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi. Ọwọ́ àwọn bàbá yín ló wà lára ilé wa. Ẹ wá gbà á lọ́wọ́ Jẹlé-jẹlé."

Bàbá Lámídì ò gbójú sókè. Ó mú ọmọ ayò kan, ó jù ú sí ilé rẹ̀. "Sọ ọ́ sókè, Àwẹ̀ró. Etí mi ti di."

Ó sọ ọ́ sókè.

"Mi ò gbọ́ apá ibi tí o ti ní ọwọ́ àwọn bàbá wa. Ìyá Aláró, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ nǹkan kan bí ọwọ́," ni Ìyá Aláró dáhùn, ó ń ṣẹ́jú. "Ó lè jẹ́ ọ̀wọ̀ ló wí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Àwẹ̀ró jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Ó ń gbọ́ Jẹlé-jẹlé lókè, ó ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilé kẹfà.

"Ọwọ́ àwọn bàbá yín ló kọ́ ilé wa," ló tún wí ní ìgbà kẹta. "Ọwọ́ bàbá tèmi ò sí níbẹ̀. Ẹyọ kan ò sí."

Ẹ̀rín dúró. Bàbá Lámídì gbójú sókè nígbà náà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹni ogún ọdún ni mí," ló wí, "lọ́jọ́ tí bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ẹ níwájú gbogbo Òkè Àrẹ. Òtítọ́ ló sọ, wọ́n ní kó kó o jẹ. Nígbà tó dìde, iyanrìn wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹnì kan ò bá a gbọ̀n ọ́n."

"Mo wà níbẹ̀, bàbá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí." Omi ti ń bọ́ lójú Àwẹ̀ró. "Mo rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá Lámídì fi ọwọ́ nu ojú. "Kí lo wá ṣe níbí gan-an?"

"Mo wá bẹ̀ yín lọ́wẹ̀."

"Ọ̀wẹ̀!" Ọ̀kan nínú wọn, baálé Ọlọ́dẹ, pàtẹ́wọ́. "Ó tó àádọ́rùn-ún ọdún tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn!"

"Ẹni àádọ́rin ọdún ni ẹ́, gbé ẹnu dúró," ni Ìyá Aláró sọ fún un. Ó kọjú sí Àwẹ̀ró. "Ọ̀wẹ̀ kì í lọ lásán. Kí la máa jẹ?"

"Iyán."

"Ti ẹ̀rọ?"

"Ti ọwọ́. Èmi ni n óò gún un."

Bàbá Lámídì da ọmọ ayò rẹ̀ sílẹ̀. Ó sì kúkú ń borí o. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde, eegun rẹ̀ ń ké. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Bàbá mi ló ń pè mí."

Irú ìgòkè bẹ́ẹ̀! Àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tó ń gbé Ìyá Aláró rìn ló ṣíwájú, ó ń tẹ ẹsẹ̀ gẹ́ẹ́rẹ́gẹ́ bí alákàn, ìyá náà ń fi bàtà lù ú pé kó yára. Baálé Ọlọ́dẹ ń kọrin iṣẹ́ tí kò mọ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Àwẹ̀ró wà lẹ́yìn Bàbá Lámídì, ó ń tì í ní ìdí, Bàbá Lámídì sì ń kígbe pé, "Má tì mí mọ́, èmi kì í ṣe ọmọ ọlọ!" Àwọn ènìyàn ń jáde lójúlé, wọ́n ń tẹ̀ lé wọn, wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ń pariwo.

Nígbà tí wọ́n dé òkè, Jẹlé-jẹlé ti dojú kọ Akókòójọ. Òjìji rẹ̀ ti bo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ará ilé."

"A ń bínú!" ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "A ń bínú gidi! Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ẹ wọlé!"

Awòlé dúró ní pálọ̀ pẹ̀lú èdìdì lọ́wọ́, òógùn ti bò ó dé ẹsẹ̀. Ó ń nawọ́ sí wọn: Aláró níbí, Ọlọ́dẹ lọ́hùn-ún. Ìyá Aláró gbé ọwọ́ lé ògiri, ìmọ́lẹ̀ abẹ́ sìmẹ́ńtì sì yí padà, ó di pupa bí ẹyín iná. Ìyá náà ké, "Ó lọ́wọ́ọ́wọ́!" Èkejì pọ́n. Ẹ̀kẹta pọ́n. Wọ́n pé mẹ́fà. Ẹnu ọ̀nà ni Bàbá Lámídì ṣì wà, ìloro ga fún un, Fọláwiyọ sì dúró níwájú rẹ̀.

"Fọláwiyọ!" ni Àwẹ̀ró ké, ojú rẹ̀ kan.

Fọláwiyọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan sínú, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé bàbá àgbàlagbà náà lé apá bí ọmọ, ó gbé e wọlé.

"Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín, Mọ́gàjí!" ni Awòlé pariwo. "Báyìí! Báyìí!"

Ariwo ti gba gbogbo ibẹ̀. Eyín Jẹlé-jẹlé ti kan igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, amọ̀ igba ọdún ń ya gbàà. Àwẹ̀ró dojú kọ ògiri, ó sì la ohùn bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdì kejì odò.

"Èmi Àwẹ̀ró, mọ́gàjí Akókòójọ! Ohun tí mo kọ sínú ìwé, irọ́ ni! Bàbá mi ò dá ilé yìí kọ́! Ọwọ́ rẹ̀ ò kan amọ̀ ibí! Àwọn wọ̀nyí ló kọ́ ọ, ọwọ́ wọn rèé, ọmọ wọn rèé!"

Bàbá Lámídì la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ tó tóbi jù lọ lára ògiri. Wọ́n bá ara wọn mu. Ìmọ́lẹ̀ pọ́n láti ilẹ̀ dé àjà, gbogbo ọwọ́ inú ilé, òkè àti ìsàlẹ̀, tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Awòlé kan èdìdì mọ́ ọn, gbàgà!

Jẹlé-jẹlé dúró. Igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ti gbọ́ o," ló wí pẹ̀lú ohùn ìyàwó rẹ̀. "Ẹ kú oríire." Ó pọ̀ amọ̀ náà sílẹ̀ bí ẹni tí oúnjẹ ò bá lára mu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdí ńlá rẹ̀ padà, díẹ̀díẹ̀, sí ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn òkè.

Ariwo tó sọ nígbà náà, wọ́n gbọ́ ọ dé Mápó. Àwọn ènìyàn ń dì mọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Àga Ìyá Aláró ń yí po fúnra rẹ̀. Awòlé Àkànjí, òṣìṣẹ́ ìjọba, ń jó láìsí orin.

Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó sì ka orúkọ àwọn tó ni ilé síta gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Agboolé méje. Àwẹ̀ró dúró tì í, ó ń fetí sílẹ̀ títí ó fi kà á tán, ó mọ ohun tó máa gbọ́, síbẹ̀ ó dùn ún dé inú eegun. Ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé kúrò ní etí ìró rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá Lámídì.

"Ẹ gbà, bàbá. Mo fẹ́ lọ kó ẹrù mi."

Bàbá Lámídì ò gbà á. Ihò tí Jẹlé-jẹlé gé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń wò, ihò tí ènìyàn méjì lè gbà kọjá. Ó fi ọ̀pá tọ́ amọ̀ tí ẹ̀rọ pọ̀ sílẹ̀.

"Ibo lò ń lọ? Ṣé o bẹ̀ wá lọ́wẹ̀ kó o tó máa sá lọ ni? Ẹ bu omi wá! Àwẹ̀ró, bọ́ bàtà."

"N ò po amọ̀ rí, bàbá."

"Àwa náà ti gbọ́ pé ìdílé yín ò pò ó rí," ni Bàbá Lámídì wí, gbogbo ilé sì tún bú sẹ́rìn-ín. "Bọ́ bàtà jàre."

Ó bọ́ bàtà. Amọ̀ náà tutù, ó yọ́ mú un ní ọrùn ẹsẹ̀. Fọláwiyọ ń da omi sí i. Baálé Ọlọ́dẹ ń pàṣẹ, ẹnì kan ò gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n ń ṣù ú, wọ́n ń mọ ọ́n, ìpele kan lórí èkejì, Àwẹ̀ró ṣù tirẹ̀, ó jábọ́, ó tún un ṣù. Nígbà tó dúró, ó ń fi ọwọ́ pa á kó lè dán.

"Má pa á," ni Bàbá Lámídì wí. "Tẹ̀ ẹ́. Kó mọ̀ pé ènìyàn ló ń bá a sọ̀rọ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ìka rẹ̀ fi rì.

Awòlé ti sún mọ́ ọn. Kò bi ẹnikẹ́ni, ó gbé Etí-ògiri lé ibẹ̀, ó ń kùn. Ìmọ́lẹ̀ pẹ́ kó tó yọ, ó ṣe bí ẹni tí kò ní yọ, lẹ́yìn náà ló ya ìka márùn-ún.

"Òfin ò sọ ọdún tí ọwọ́ gbọdọ̀ kan ògiri," ni Awòlé wí, ó ṣí ìwé rẹ̀ padà. "Ọwọ́ tó bá kọ́ ọ ló wí. Agboolé wo ni kí n kọ sí i?"

Amọ̀ ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ Àwẹ̀ró. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀, amọ̀ kun ún.

"Akókòójọ," ló wí. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ wa àkọ́kọ́ nìyí."